Fẹ́ǹsì Dé Fẹ́ǹsì: Ọ̀ràn Ibi Ìgbọ́kọ̀sí Kan Tó Fara Ti Ilé Gbígbé ní Èkó

Púlọ́ọ̀tì náà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà káàkiri Èkó: ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Búńgálò àtijọ́ kan ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn àríyá wà lọ́wọ́ òsì, ilé pẹtẹ́ẹ̀sì tí ìdílé mẹ́rin ń gbé wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé gbígbé mìíràn wà lẹ́yìn. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ra búńgálò náà, ó wó o, ó fi yẹ̀pẹ̀ gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga, ó tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì, ó sì fa ìlà funfun fún ọkọ̀ 28. Ẹ má wá àdúgbò tàbí orúkọ ẹnikẹ́ni níbí: a kó ọ̀ràn yìí jọ látinú irú èyí tó ń wáyé léraléra ni, kí ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ lè mú téèpù dání lọ wọ̀n ọ́n.

Bí 28 ṣe jáde nìyí. Ọkọ̀ kan ń gba mítà 2.5 ní ìbú àti 5 ní gígùn. Ọ̀nà àárín tí ọkọ̀ á fi ṣẹ́ kọ́ọ̀nà wọlé tààrà gbọ́dọ̀ tó mítà 6. Ọkọ̀ apá òsì 5, ọ̀nà 6, ọkọ̀ apá ọ̀tún 5, gbogbo rẹ̀ 16. Mítà 2 ló ṣẹ́kù nínú 18, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá pín 36 sí 2.5, ọkọ̀ 14 ló jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, 28 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Orí ìwé nìyẹn. Ní ojú ọ̀nà, ọkọ̀ méjì tó wà létí géètì ń dí ojú ẹni tó ń jáde sí títì, méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá kò sì ríbi yí ìdí nítorí ọ̀nà parí síbẹ̀. Mẹ́rin ti lọ nínú 28 kí àlejò kankan tó dé.

Mítà kan tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì náà sì tún jẹ́ ẹ̀tàn. Ibi tí táyà dúró sí kọ́ ni ọkọ̀ parí sí. Nígbà tí táyà iwájú bá kan kọ́ọ̀bù, imú ọkọ̀ ṣì ń lọ síwájú tó bíi 80 sí 90 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá jẹ́ ìdí ni awakọ̀ kì sí i, búùtù lè lé ní mítà kan kọjá táyà. Fẹ́ǹsì ni yóò dá a dúró. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ̀ láì wọn nǹkan kan: ẹ lọ wo ara fẹ́ǹsì ní ìwọ̀n orúnkún. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n dúdú róbótó-róbótó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí ọ̀kan jìnnà sí ìkejì ní bíi mítà méjì àbọ̀, sàlẹ́ńsà ló yà á síbẹ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìyá àgbà tó ni ilé ọwọ́ ọ̀tún lọ bá ẹni tó ni gbọ̀ngàn.

“Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa ọkọ̀ kúrò lára fẹ́ǹsì. Sẹ́tíbáàkì dà?”

“Màmá, ẹ má bínú o. Èmi ò kọ́lé kankan. Ilé ni wọ́n ń wọn sẹ́tíbáàkì fún. Ta ló ń wọ̀n ọ́n fún ọkọ̀?”

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti òpè. Sẹ́tíbáàkì méjì ló wà lẹ́nu ará Èkó, wọ́n sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Èkíní ni ilẹ̀ tó wà láàárín ilé àti títì, tí ìjọba fi sílẹ̀ fún títì, gọ́tà, wáyà iná àti páìpù. Orí ìyẹn ni àjọ LASPA, tó ń rí sí ìgbọ́kọ̀sí lábẹ́ òfin ìrìnnà Èkó ti 2018, ti ń béèrè owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Èkejì ni àlàfo inú ọgbà, láàárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì, tí àwọn ayàwòrán ilé ń pè ní airspace. Mítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn ni iye tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Lóòótọ́, láti ara ògiri ilé ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, Alàájì kò sì ní ògiri.

Àmọ́ òfin ètò ìlú fẹ̀ ju ilé lọ. Òfin Nàìjíríà ti 1992 lórí ètò ìlú ka iṣẹ́ ilé kíkọ́, iṣẹ́ ẹnjiníà, yíyí ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe padà lọ́nà tó kan àyíká, wíwó ilé, títí kan gígé igi lulẹ̀, mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Alàájì wó ilé, ìyẹn ọ̀kan. Ó da yẹ̀pẹ̀, ó tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, ìyẹn èjì. Ó sọ ilẹ̀ ilé gbígbé di ilẹ̀ òwò, ìyẹn ẹ̀ta. Láti 2003 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá a pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, òfin Èkó ti 2010 àti ìlànà ìwé àṣẹ rẹ̀ ti 2019 ni à ń wò fún púlọ́ọ̀tì yìí. Ẹni tó bá gbé iye Èkó lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ti ṣìnà. Àjọ LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, àjọ LASBCA ló ń ṣọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ tó sì ń ti ibi tó bá rú òfin pa. Ohun tí wọ́n bá yà sínú àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí ni yóò de púlọ́ọ̀tì náà, ilé ìbáà wà níbẹ̀ tàbí kó má sí. Nítorí náà mítà 3 yẹn ni ibi tí ìjíròrò ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì burú bí ìbẹ̀rẹ̀.

(Àlàfo láàárín ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná ní Èkó. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tó jà níbẹ̀ ní àárín ọdún 1920 sí 1930 ló bí àjọ LEDB ní 1928, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tú àdúgbò tó há gádígádí.)

Ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ ni fẹ́ǹsì, kò sì jẹ́ nítorí pé ọkọ̀ gbá a. Yẹ̀pẹ̀ ló tì í. Wọ́n ti fi típà kún ilẹ̀ náà tó 45 sẹ̀ǹtímítà kó lè bá ilẹ̀ gbọ̀ngàn dọ́gba. 45 sẹ̀ǹtímítà jẹ́ kọ́ọ̀sì búlọ́ọ̀kù méjì géérégé. Fẹ́ǹsì ìyá àgbà jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò ínṣì 6, mítà 1.8 ní gíga, òpó kan láàárín mítà 3. Olè àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n mọ ọ́n fún. Wọn ò mọ ọ́n kó máa dá ilẹ̀ dúró. Nígbà tí yẹ̀pẹ̀ bá mu omi, ó máa ń wúwo sí i, ó sì máa ń tì í gan-an. Ẹ wá gbé jíìpù tọ́ọ̀nù méjì sórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, kí táyà rẹ̀ má jìnnà sí ògiri ju mítà kan lọ: ìwọ̀n táyà ń tẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó sì ń ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà, ohun tó hàn ni ìlà kan tó sán gbọọrọ láàárín kọ́ọ̀sì kejì àti ìkẹta, tí ikùn fẹ́ǹsì sì yọ sóde díẹ̀ lókè rẹ̀. Bíríkìlà kan wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ìlà náà padà yọ lẹ́yìn òjò méjì, nítorí pé rírẹ́ ojú kò kan ohun tó ń tì í.

Omi ni ìkejì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì yìí jẹ́ mítà 648 níbùú lóròó. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, irú èyí tí kò ṣàjèjì ní Èkó nínú oṣù kẹfà, lítà 32,400 ni, ìyẹn ju tánkà omi 10,000 mẹ́ta lọ. Nígbà tí búńgálò wà níbẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mu nínú rẹ̀. Íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ojú rẹ̀ kò mu nǹkan kan. Ẹni tó tẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dà sọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, ìyẹn ló rọrùn jù. Fẹ́ǹsì wá di ìdídò. Omi gba ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù jáde sí ẹ̀gbẹ́ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì, ó sì wọ sọkawéè wọn. Sọkawéè tó kún fún omi òjò kì í gba omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni ayálégbé ìsàlẹ̀ ṣe ń rí omi tó ń padà bọ̀ nínú balùwẹ̀ lọ́jọ́ òjò, tó sì ń pe púlọ́ńbà tí kò rí ohunkóhun tún ṣe.

Sọkawéè búńgálò tí wọ́n wó ńkọ́? Wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì bò ó. Ewu tó bani lẹ́rù jù lórí gbogbo púlọ́ọ̀tì náà nìyí, òun ni kò sì sí ẹni tó bínú sí. Déékì sọkawéè inú ilé, ìyẹn kọ́ńkéré tí wọ́n fi bo orí rẹ̀, kò nípọn tó láti gbé ọkọ̀. Kí wọ́n tó bo ilẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fà á gbẹ, fọ́ déékì rẹ̀, fi òkúta àti yẹ̀pẹ̀ dí i ní ìpele-ìpele bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n sì máa gún ìpele kọ̀ọ̀kan kó tó kan òmíràn.

Iná: iná LED ńlá méjì wà lórí òpó mítà 8, wọ́n dojú kọ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì. Iná ọkọ̀ tún wà. Iná iwájú ọkọ̀ kékeré kò ju bíi 70 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, ti jíìpù ń lọ sí mítà kan. Fẹ́ǹsì mítà 1.8 ì bá bo méjèèjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti gbà 45 sẹ̀ǹtímítà nínú rẹ̀, 1.35 ló kù ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó ṣì bò ó bí ọkọ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ibi tí wọ́n ti ń gun géètì wọlé, tí imú ọkọ̀ gbé sókè, iná a kọjá lórí fẹ́ǹsì lọ sí wíńdò yàrá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wá lọ́sàn-án, wọn a wo fẹ́ǹsì, wọn a ní ó ga tó.

Ariwo sì le láti yanjú, ó yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Iye tí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Èkó, fi lélẹ̀ fún àdúgbò ilé gbígbé ni dẹ́síbẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, 45 lálẹ́. Tí ìjìnnà sí ohun tó ń pariwo bá di ìlọ́po méjì, ariwo ń fi bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 dín kù. Láti mítà kan ààbọ̀ sí 3, ẹ jèrè 6. Kí ẹ tó tún jèrè 6 mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ dé mítà 6. Mítà 3 kì í ṣe idán. Fẹ́ǹsì ń ran ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ nítorí pé kò rí ọkọ̀; ẹni tó wà lókè pẹtẹ́ẹ̀sì ń rí i, nítorí náà ó ń gbọ́ ọ. Ewéko kò sì dí ariwo tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ojú àti eruku ló wúlò fún. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ń gbá, àláàmù, àti alága ìjókòó tó ń fi màìkì pe nọ́ńbà ọkọ̀ tó dí ọ̀nà, ètò ló ń pa wọ́n, téèpù kò lè pa wọ́n.

Ẹ wá jẹ́ ká tún púlọ́ọ̀tì náà yà. Mítà 6 níwájú, 3 lẹ́yìn, ó ku 27 ní gígùn. Bí a bá gba mítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ku 12 ní ìbú: ọkọ̀ 5 àti ọ̀nà 6, ìlà kan péré, ọkọ̀ 10. Ayàwòrán Alàájì gbìyànjú láti dá ọgbọ́n sí i. Ó dá ọkọ̀ dùbúlẹ̀ sí ìgun dígírì 45 ní apá kan, ó to ọkọ̀ ní gbọọrọ lápá kejì, ọ̀nà àárín di mítà 4: 5.3 àti 4 àti 2.5 jẹ́ 11.8, ó wọ inú 12. Ọkọ̀ 7 àti 4, ìyẹn 11. Ó jèrè ọkọ̀ kan. Ṣùgbọ́n mítà 4 jẹ́ ọ̀nà àlọ nìkan, púlọ́ọ̀tì náà kò sì ní géètì kejì, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ á máa fi ìdí jáde sí títì. Wọ́n jù ú nù.

Ohun tó ṣí ọ̀nà ni ìbéèrè kan tí kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bi: ta ni à ń fi àlàfo òsì gbà lọ́wọ́ ta ni? Gbọ̀ngàn ló wà lọ́wọ́ òsì, ti Alàájì náà ni. Àlàfo wà fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sùn nínú gbọ̀ngàn. Kí wọ́n fi àwòrán kan ṣoṣo béèrè àṣẹ fún púlọ́ọ̀tì méjèèjì pọ̀, kí wọ́n yọ fẹ́ǹsì àárín, kí gbogbo àlàfo sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Láti òsì: gọ́tà 40 sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n fi irin bò, ọkọ̀ tó kọjú sí gbọ̀ngàn 5, ọ̀nà 6, ìlà ọkọ̀ tó dúró ní gbọọrọ 2.5. Àpapọ̀ 13.9. Mítà 4.1 ṣẹ́kù sí fẹ́ǹsì ìyá àgbà: 3 fún àlàfo gan-an, 1.1 kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ lè ríbi ṣí. Imú ọkọ̀ ti kúrò níwájú wíńdò ẹnikẹ́ni. Nínú mítà 27, wọ́n fi 1.5 sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn lè ríbi yí ìdí, 25.5 tó kù gba ọkọ̀ 10 lápá gbọ̀ngàn, 4 lápá ọ̀tún. Mẹ́rìnlá, ìdajì ohun tí wọ́n fa ìlà fún. Inú Alàájì kò dùn, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a wí lórí ìyẹn. Ọkọ̀ àlejò tó kù, pápá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń yá lọ́jọ́ Sátidé ló gbà á.

Àlàfo mítà 3 náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà kúrò lórí rẹ̀ dé ojú ilẹ̀ àtijọ́, kí fẹ́ǹsì bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Létí íńtálọ́ọ̀kì, wọ́n mọ ògiri kúkúrú oníbúlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí wọ́n da kọ́ńkéré sí ihò rẹ̀, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ líle. Òun ló ń dá ilẹ̀ dúró báyìí. Ibi tó sún mọ́ fẹ́ǹsì ní 60 sẹ̀ǹtímítà wà lófìfo kí ẹni tó fẹ́ tún fẹ́ǹsì ṣe lè ríbi dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbin igi tí àwọn olódòdó ń pè ní masquerade, nítorí pé ewé rẹ̀ ń bò láti ìdí dé orí, ẹ̀ka rẹ̀ kì í sì fẹ̀. Wọn ò gbin ọdán. Gbòǹgbò ọdán á wá sọkawéè kàn. Ìkìlọ̀ kan wà níbí: àlàfo tí a kò bá fún ní iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí, lẹ́yìn náà àwọn tó ń din ẹran. Inú àwòrán ni kí wọ́n ti kọ ọ́ pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀.

Wọ́n tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì padà kó máa dà sọ́wọ́ gbọ̀ngàn: sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ fún mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi 20 láàárín mítà 13.5. Gọ́tà náà ń rọlẹ̀ lọ síwájú ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà fún mítà kan, 18 láàárín mítà 36. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, wọ́n wọn ìsàlẹ̀ gọ́tà òpópónà, nítorí bó bá ga ju ti inú lọ, omi títì ni yóò máa wọlé. Òpó iná di mítà 4, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n rì í sí ní apá ọ̀tún, iná dojú kọ gbọ̀ngàn, ó sì wo ilẹ̀. Wọ́n de ọ̀pá ìdènà táyà mọ́lẹ̀ ní 90 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí imú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ parí sí. Èyí tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ láì fi irin gún un mọ́lẹ̀, jíìpù á ti tì í dé ìdí ògiri kí oṣù tó parí.

Ọ̀nà tí ìyá àgbà gbà wúlò fún ẹni tó bá wà ní ipò rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó pe sọ̀fíyọ̀ kó wá òpó bíkìnnì tó ń sàmì sí ààlà ilẹ̀ rẹ̀, torí pé fẹ́ǹsì lè má wà lórí ààlà gan-an, ẹni tó bá wọ̀n láti ara fẹ́ǹsì tó yà lè pàdánù ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ó wọn ìjìnnà dé bọ́ńpà ọkọ̀ ní ojúkò mẹ́ta, ó ya fọ́tò téèpù pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, ó sì tún ya nígbà tí òjò ń rọ̀. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì LASPPPA tó wà fún àgbègbè wọn, ó béèrè bóyá púlọ́ọ̀tì náà ní àṣẹ ìyípadà ìlò, ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí LASBCA, ó sì jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀. Kò sí àṣẹ, ìwé ìdádúró iṣẹ́ sì tẹ Alàájì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jókòó níwájú Citizens’ Mediation Centre, ibi tí ìjọba Èkó ti ń bá àwọn èèyàn parí ìjà, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹjọ́ wá, wọ́n sì kọ àdéhùn lórí ẹni tí yóò tún fẹ́ǹsì mọ, aago tí wọ́n á pa iná, àti pé okùn á ti dí àyè ọkọ̀ mẹ́rin apá ọ̀tún bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù.

Níti àwòrán tí Alàájì fi béèrè àṣẹ lẹ́yìn náà, ohun tó kọ́kọ́ kù nínú rẹ̀ ni gíga ilẹ̀. Ìlà ọkọ̀ pé, géètì pé, igi pé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi hàn bí ilẹ̀ tirẹ̀ ṣe ga sí ti ẹni kejì, kò sì sí ọfà kan tó sọ ibi tí omi ń lọ. Àwòrán ibi ìgbọ́kọ̀sí tí kò ní nǹkan méjì yẹn, ìlà funfun lásán ni. Wọ́n dá a padà, ó sì tún un yà.

Kí wọ́n tó fi iyanrìn dí ojú íńtálọ́ọ̀kì, wọ́n gbé garawa omi mẹ́ta wá sétí ògiri kúkúrú, wọ́n dà á sílẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Méjì lọ tààrà sí gọ́tà gbọ̀ngàn. Ẹ̀kẹta, ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ibi ìyídìí, dúró róbótó lójú kan tó bí àwo ìmumi. Wọ́n tú íńtálọ́ọ̀kì mítà méjì níbẹ̀, wọ́n gbé e sókè, wọ́n sì tún pọn omi.